Ìkìlọ̀ fún Onímọ́tò Ifẹ̀ àti Iléṣà: Ẹ Sá fún Ọkùnrin Ọlọ́dà Inú Ìgò Yẹn

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ̀yin ará Modákẹ́kẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ti Òṣú àti Iléṣà wọlé wá síbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀dà ọkọ̀ yín. Ọkùnrin kan ń rìn káàkiri àwọn ibi ìfọkọ̀, láti Lágéré títí dé ọ̀nà géètì Yunifásítì, pẹ̀lú àpótí tó kún fún ìgò ọ̀dà wẹ́wẹ́. Ó ń sọ pé òun máa ń tún ibi tí òkúta ti bó ọ̀dà mọ́tò ṣe, pé yóò jọ̀lọ̀, pé ojú ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́. Gbájúẹ̀ ni. Ó gba owó lọ́wọ́ mi, ó ba bọ́nẹ́ẹ̀tì mi jẹ́, ó sì tún padà wá gba owó míì lórí ohun tó bà jẹ́ náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí n kò tilẹ̀ gbà pé orúkọ tó sọ fún mi ni orúkọ rẹ̀.

Inú ń bí mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Corolla 2010 ni mọ́tò mi. Tòkunbọ̀ ni, sílífà ni. Owó ẹ̀yáwó kọ́ọ́pù ni mo fi rà á, wọ́n ṣì ń yọ owó náà lára owó oṣù mi. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe owó tí mo rí he ni. Nígbà tí mo rà á, ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìbàdàn mọ ohun tí iwájú mọ́tò ń rí. Láti Aṣéjíre dé Ìkirè, dé Gbọ̀ngán, títí wọ Ìpetumodù, bí o bá ti tẹ̀lé tírélà lẹ́yìn, òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò máa fò lù ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni àmì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní etí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju mílímítà mẹ́ta lọ. Mílímítà mẹ́ta! Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá rí wọn?

Ibi ìfọkọ̀ ló ti bá mi. “Ẹ káàárọ̀, Prof.” Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni mí, ṣùgbọ́n Prof ló ń pe gbogbo ọkùnrin tó bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ ládùúgbò yẹn. Ó tẹ̀ba síwájú mọ́tò mi, ó fi ìka pa àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí bí ẹni tó ń ṣàánú mi. “Prof, ẹ wo bí òkúta ṣe ń jẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Bí òjò bá wọ ibí yìí, ìpẹtà ló kàn. Ẹ jẹ́ kí n gbà yín.”

Ohun tó mú mi gbà á gbọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí òun náà ni yóò fi mú ẹ̀yin. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ awakọ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ìwé pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n kọ C/TR sí, ó sì kà á jáde: “1F7. Classic Silver Metallic.” Òótọ́ ni. 1F7 ni nọ́ńbà àwọ̀ mọ́tò mi, orúkọ tí Toyota sì fún àwọ̀ náà nìyẹn. Ó wá ṣí àpótí rẹ̀, ó fa ìgò kan yọ tí wọ́n tẹ 1F7 sí lára gàdàgbà gadagba. Ó ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi pò ó ní Èkó. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ òótọ́: ẹni tó bá mọ ibi tí nọ́ńbà àwọ̀ wà lára Toyota, tó sì mọ orúkọ àwọ̀ náà láì wo ìwé kankan, ṣé ẹ ò ní rò pé ó mọ iṣẹ́ ni? Kì í ṣe pé mo ya òmùgọ̀. Mo béèrè ìbéèrè. Mo ní kí ó fi ọ̀dà náà sí ara páálí kí n wò ó. Ó ní bí òun bá ti ṣí ìgò náà, atẹ́gùn yóò bà á jẹ́, àyàfi tí mo bá ti rà á. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti rìn kúrò. Mo mọ̀ báyìí.

₦15,000 ni ìgò náà. Ìgò tí kò tó ìka mi! ₦20,000 ni owó iṣẹ́. Ìyàwó mi wà lórí fóònù nígbà náà, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì.” Mo ní kí ó fi mí sílẹ̀, pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ó ní kí a wa mọ́tò lọ sábẹ́ ibòjì kí oòrùn má ba iṣẹ́ jẹ́. Òótọ́ wà nínú ìyẹn náà, nítorí ọ̀dà kì í fẹ́ irin tó gbóná janjan. Ṣé ẹ rí bí ó ṣe ń ṣe é? Òótọ́ kékeré ló fi ń gbé irọ́ ńlá wọlé. Abẹ́ ibòjì ni ó fẹ́ kí mọ́tò wà nítorí pé oòrùn ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ó da tínà sí àkísà, ó nu gbogbo iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Ó fi katafílà díẹ̀ dí àwọn ojú àmì yẹn. Katafílà, èyí tí panẹbítà fi ń dí ibi tí ọkọ̀ ti wọnú! Ó fi ọ̀dà inú ìgò lé e lórí, ó sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ní ṣọ́ọ̀bù onírun fẹ́ ẹ. Kò pẹ́ rárá, ó ní ó ti gbẹ. Ló bá mú sáńpépà jáde, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ha á. Mo bi í pé sáńpépà nọ́ńbà mélòó ni. “3000 ni, Prof. Ó jọ̀lọ̀ ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ lọ.” Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ariwo rẹ̀ lára irin. Ṣáá, ṣáá, ṣáá. Kì í ṣe ojú àmì nìkan ló ń ha, gbogbo àyíká ibẹ̀ ni. Omi tó ń ṣàn wálẹ̀ kọ́kọ́ funfun. Nígbà tó yá, ó di aláwọ̀ eérú. Mo rí i. Mo dúró níbẹ̀, mo rí i, n kò sì sọ̀rọ̀, nítorí n kò tíì mọ ohun tó túmọ̀ sí nígbà náà. Omi funfun, kíláà ló ń yọ, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán tó wà lókè pátápátá. Omi eérú lára mọ́tò sílífà, àwọ̀ gan-an ló ti ń yọ nìyẹn. Ó ti fá kíláà tán!

Mo tilẹ̀ bi í. Mo ní, “Ṣé kíláà kò ní lọ báyìí?” Ó rẹ́rìn-ín sí mi lójú. “Prof, ẹ fọkàn balẹ̀. Kíláà Toyota nípọn.”

Kíláà Toyota kò nípọn! Kò sí kíláà ilé iṣẹ́ kankan tó nípọn. Lórí irin ọkọ̀, ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà ló kọ́kọ́ wà, prámà tẹ̀lé e, àwọ̀ tẹ̀lé prámà, kíláà ló wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ló sì ń dán. Gbogbo wọn lápapọ̀ sábà máa ń wà láàárín nǹkan bíi 100 sí 150 máíkírọ̀n, bẹ́ẹ̀ 1,000 máíkírọ̀n ló wà nínú mílímítà kan ṣoṣo. Ẹ mú ewé ìwé kan dání, ẹ fi ìka wọ̀n ọ́n: bí ọ̀dà ọkọ̀ yín ṣe nípọn mọ nìyẹn. Kíláà nìkan kò ju bíi 40 sí 50 lọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi sáńpépà líle lé e lórí láìbìkítà kò ní pẹ́ yọ sí òdìkejì.

Ó parí, ó fi ìpara kan pa á, ó fi àkísà nù ún yíká. Ẹ gba mí, ó dán! Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó láti ọ̀tún, mo wò ó láti òsì, n kò rí ojú òkúta kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù mi. Orúkọ tó jáde lórí àkáǹtì yàtọ̀ sí orúkọ tó pe ara rẹ̀. Ó ní ti àbúrò òun ni, pé báńkì ti òun ń ṣe wàhálà. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ.

Òjò ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Lẹ́yìn náà mo fi ọṣẹ fọ mọ́tò fúnra mi ní iwájú ilé, nígbà tí oòrùn sì ràn sí i, ẹnu mi kò lè pa dé. Ibi tí àmì mílímítà mẹ́ta wà tẹ́lẹ̀ ti di ojú ńlá tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ṣú, ó ha yánnayànna, kò dán mọ́. Kì í ṣe ẹyọ kan. Gbogbo ibi tó fọwọ́ kàn. Láàárín ojú kọ̀ọ̀kan, ọ̀dà tirẹ̀ dúdú ju ti mọ́tò lọ, mo fi èékánná kàn án, ó sì ṣí kúrò pẹ̀lú katafílà abẹ́ rẹ̀. Ìpara tó fi pa á ló bo àwọn ibi tí sáńpépà ti ha mọ́lẹ̀. Ọ̀rá inú rẹ̀ ló ń dán, kì í ṣe ọ̀dà. Ọṣẹ fọ ọ̀rá lọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì hàn. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo bá àjákù sáńpépà rẹ̀ ní ìdí wáípà. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. P400. Ó ní 3000 fún mi!

Ẹni tí kò bá mọ̀: bí nọ́ńbà ẹ̀yìn sáńpépà bá ṣe ń kéré sí i ló ń le sí i. 400 ni àwọn pénítà fi ń pèsè ojú sílẹ̀ kí wọ́n tó fín ọ̀dà tuntun lé e. Kò ní iṣẹ́ kankan lórí kíláà tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo pè é. Ó gbé e. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: “Prof, kì í ṣe ẹ̀bi mi. Wọ́n ti kun bọ́nẹ́ẹ̀tì yín rí lókè òkun, ọ̀dà tí wọ́n lò kò dára ni. Gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí a fín.” Ó ní ọ̀gá òun yóò fín in ní ₦90,000, kí n san ìdajì sílẹ̀ kí wọ́n lè ra ọ̀dà. Ìgbà yẹn ló yé mi pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyí. Ìgò ₦15,000 yẹn kọ́ ni ọjà rẹ̀. Ó ń ba bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́ kí olówó rẹ̀ má lè sá fún fífín ni.

Bẹ́ẹ̀ ni mo san ₦45,000 náà. Ẹ má bú mi. Ẹni tí kò bá tíì wà nínú rẹ̀ ló lè sọ pé òun ò ní san. Ìnáwó àna mi kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ń wa mọ́tò tí iwájú rẹ̀ dàbí ẹni pé mo fi kọlu ògiri, mo sì ń rò pé bí mo bá tètè tún un ṣe, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Láti ìgbà tí owó náà ti wọlé fún un, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Ní ibi ìnáwó náà, àbúrò ìyàwó mi yí mọ́tò ká, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé jàǹbá ni?” Ojú tì mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọlọ́kadà ló fẹ̀gbẹ́ gbá a. Ìyàwó mi wo mi, kò sọ nǹkan kan. Dídákẹ́ tó dákẹ́ yẹn dùn mí ju ₦80,000 lọ.

Bàbá pénítà kan ní Modákẹ́kẹ́ ló wá là mí lọ́yẹ̀. Bàbá náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó mú ìgò náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi díẹ̀ sí ara páálí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ọ̀dà géètì nìyí.” Sílífà tí wọ́n fi ń kun géètì àti irin fèrèsé ni ó rọ sínú ìgò, tó fi tínà là. Bàbá bó ìwé 1F7 ara ìgò náà, nọ́ńbà míì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbogbo sílífà tó bá ti pàdé ló ń lẹ nọ́ńbà tuntun mọ́ ìgò kan náà fún.

Ohun tó dùn mí jù ni ohun tí Bàbá sọ tẹ̀lé e. Ó ní kódà bí ọ̀dà náà bá jẹ́ 1F7 pọ́ńbélé, kò sí ẹni tó lè fi búrọ́ọ̀ṣì tún ojú òkúta ṣe lára sílífà kó má hàn rárá. Inú àwọ̀ sílífà, ègé álúmíníọ́mù wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fín in, àwọn ègé náà máa ń sùn sílẹ̀ lọ́nà kan. Bí wọ́n bá fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, wọ́n máa ń dúró lọ́nà míì. Nítorí náà, o lè wò ó láti iwájú kó bá a mu, o yí sí ẹ̀gbẹ́, ó ti ṣú. Ó ní ẹni tó bá mọṣẹ́ yóò sọ fún ọ pé yóò dín kù, pé o ò ní máa rí i láti òkèèrè, yóò sì dá ìpẹtà dúró. Ìyẹn nìkan ni. Ẹni tó bá ṣèlérí pé yóò pòórá lára sílífà, irọ́ ló ń pa, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó. Kí ló dé tí n kò rí Bàbá yìí ṣáájú?

Ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fọ ibẹ̀ mọ́, fi sípíríìtì nu ọ̀rá kúrò. Bí irin bá ti hàn, prámà ni kó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Bí irin kò bá tíì hàn, kò sí ìdí fún un. Ti èmi kò tilẹ̀ tíì kan irin rárá! Ọ̀rọ̀ ìpẹtà tó fi dẹ́rù bà mí yẹn, òfo ni. Ọ̀dà tó fẹ́lẹ́ ni kí o máa fi sí inú ojú òkúta nìkan, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ gbẹ kí òmíràn tó lé e, títí tí yóò fi ga díẹ̀ ju ara ọkọ̀ lọ. Kíláà ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, fi í sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà yẹn ni sáńpépà kan ibẹ̀: 2000, lẹ́yìn náà 3000, omi tí ọṣẹ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, igi pẹlẹbẹ kékeré lẹ́yìn sáńpépà náà, kí ó sì jẹ́ orí ọ̀dà tó yọ gọ́ńgọ́ yẹn nìkan ni yóò máa fá. Kó fá díẹ̀, kó nù ún gbẹ, kó wò ó. Bó bá ti dọ́gba, kó dúró. Kọ́ńpáǹdì, ìpara tó ń pa ojú sáńpépà rẹ́, àti pólíìṣì ló kù. Kò sí bí gbogbo èyí ṣe lè parí níbi ìfọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ní báyìí, n kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Bí mo bá lọ ra páàtì, wọn yóò fún mi ní Táíwàn, wọn yóò ní tòkunbọ̀ ni. Bí mo bá ra bátìrì, wọ́n ti fi iná sí òkú bátìrì kí n tó dé. Àwọn ọmọ ibi ìfọkọ̀ yẹn gan-an, ṣé wọn ò mọ ọkùnrin yìí ni? Wọ́n rí i tó ń ha mọ́tò mi, wọ́n ń wo ibòmíì. Jẹnẹrétọ̀ wọn ló fi gbẹ ọ̀dà! Nígbà tí mo padà lọ béèrè rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ ibi tó ń gbé. N kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé kí n má fura.

Àwọn kan yóò ní kí n lọ fẹjọ́ sùn. Òfin ààbò oníbàárà wà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló sì ń rí sí i. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí owó dà? Ṣọ́ọ̀bù dà? Àkáǹtì “àbúrò” nìkan ni mo ní. Mo ti kọ̀wé sí báńkì.

Kíá, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ ya fọ́tò ojú òkúta kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ní kí ó fi ọ̀dà sí ara páálí, kó gbẹ, kí ẹ gbé e ti ara ọkọ̀ nínú oòrùn. Bí ó bá kọ̀, ẹ wọ mọ́tò yín kí ẹ máa lọ. Ẹ gba sáńpépà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra yín, bí wọ́n bá sì ti ya nọ́ńbà rẹ̀ kúrò, ẹ má jẹ́ kó kan mọ́tò yín. Bí omi bá ń yí àwọ̀ padà, ẹ pariwo kó dúró. Ẹ má san owó iṣẹ́ àfi tí ẹ bá ti fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, tí ẹ fi sípíríìtì díẹ̀ nù ún, tí ẹ sì wa mọ́tò bọ́ sínú oòrùn wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Ó wọ aṣọ àwọn mẹkáníìkì aláwọ̀ búlúù nígbà tí mo rí i, ó sì máa ń sọ Ìjẹ̀ṣà bí ó bá gbọ́ pé Iléṣà ni o ti wá.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí, ó sì ṣe pàtàkì. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ti èmi, ó mú mi lọ wo Camry funfun kan tó ní òun tún ṣe, lóòótọ́ n kò rí àmì kankan lára rẹ̀. 040 ni funfun Toyota yẹn. Kò ní ègé álúmíníọ́mù kankan nínú, ó rọrùn láti bá mu ju sílífà lọ fíìfíì, tí ó bá sì tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ṣe é. Bó bá fi funfun hàn yín, ẹ ní kí ó mú yín lọ wo sílífà, nínú oòrùn, kí olówó mọ́tò náà sì wà níbẹ̀.